Láti Àpáta sí Òkúta: Ibi Ìfọ́kùúta Aró ní Abẹ́òkúta

Nínú èdè Yorùbá, àpáta ni èyí tí ó fìdí múlẹ̀, bí Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá di ní nǹkan bí ọdún 1830. Òkúta sábà máa ń jẹ́ èyí tí a lè gbé. Orúkọ Abẹ́òkúta kò tẹ̀lé ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe ní Aró, ní ìlú náà, fi í hàn kedere.

Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké ní Forcados. Láti nǹkan bí ọdún 1908, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta sínú òkun. Ní Aró, wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta. Ọkọ̀ ojú irin a sì kó òkúta rẹ̀ lọ sí Èkó. Ní ọdún 1914, àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ògiri náà dá iyanrìn tí ìgbì ń gbé lọ sí ìlà-oòrùn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Bar Beach.

Nítorí náà, ìwé atúmọ̀-èdè tí ó bá sọ pé ọ̀kan náà ni àpáta àti òkúta ti pa ìtàn iṣẹ́ àwọn afọ́kùúta rẹ́.