Bí Ìgbín Bá Fà, Ìkarahun A Tẹ̀ Lé E: Àlàyé Lórí Àpò Síídì

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kì í ya ara wọn la sábà máa ń fi òwe yìí sọ: ọkọ àti aya, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, olórí ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbọ́ ọ a rò pé ìfẹ́ àti ìgbọ́ràn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá fara balẹ̀ wo ìgbín fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ míì ṣì wà níbẹ̀. Ìkarahun kì í ṣe ẹrù tí ìgbín yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló ti jáde, ó ń bá a dàgbà, ibi tí ara ìgbín ti rọ̀ jù ló ti ń ṣíji bò ó. A ò rí ìgbín tó wọ ìkarahun ahun rí. Ohun tí mo rí dì mú nínú òwe náà nìyí: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ilé fún ohun ẹlẹgẹ́, ara ohun náà ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó mọ ibi tí ikú rẹ̀ wà, kó tó mú páálí gé.

Ohun ẹlẹgẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni síídì, pẹ̀lú VCD àti DVD, àwọn tí ará ọjà ń pè ní pléètì. Ẹnìkan lè ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé orin àti fíìmù ti wọnú fóònù tán. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé tó ti ṣe ìnáwó ní Ẹdẹ ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, kí ẹ ní kí wọ́n gbé fídíò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú bàbá wọn wá. Pléètì ni wọn yóò fà yọ láti abẹ́ aṣọ nínú àpótí, tàbí láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú náílọ́ọ̀nù tó ti di aláwọ̀ eruku.

Ẹdẹ gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ìlú Tìmì Àgbàlé ni, ìlú onílù sì ni. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, a máa fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa pe ìyáàlù ní gúdúgúdú. Láyé rẹ̀ náà, ní 1959, ni òǹkọ̀wé Ulli Beier tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọdún òrìṣà tí Ẹdẹ ń ṣe láàárín ọdún kan. Ìwé yẹn ṣì ṣeé ṣí kà lónìí níbi tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀. Fídíò ọdún Ṣàngó tí wọ́n wá yà sórí pléètì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìwé náà ńkọ́? Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ ṣì ń kà á?

Ẹ jẹ́ ká yẹ ara síídì wò. Láti etí dé etí, mìlímítà 120 ni. Ó nípọn tó mìlímítà 1.2, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15. Ike kan tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń pè ní polycarbonate, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìhà òkè ike yìí ni wọ́n tẹ àwọn kòtò wínníwínní sí, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń lọ́ yípo láti àárín lọ sí etí. Wọ́n wá fi álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn kòtò náà kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án kó padà. Wọ́n fi fáníìṣì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ bo álúmíníọ̀mù, wọ́n sì tẹ àwòrán àti orúkọ lé fáníìṣì lórí. Ìtànṣán léésà a gba ìsàlẹ̀ wọlé, a la ike já, a kan álúmíníọ̀mù, a sì padà pẹ̀lú ìròyìn.

Ibo wá ni ikú rẹ̀ wà? Ojú tó ń dán ni gbogbo wa ń bẹ̀rù fún. A ó fi ojú àwòrán délẹ̀ lórí tábìlì, a ó ní kí ìhà tó ń dán má họ. Bẹ́ẹ̀ ohùn jìnnà sí ojú tó ń dán ní mìlímítà kan ó lé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń fara kan ojú àwòrán. Bí ìsàlẹ̀ bá họ díẹ̀, ó ṣeé fi oògùn ìdán dán padà. Bí òkè bá họ kan álúmíníọ̀mù, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ, kò sí oníṣẹ́ tó lè mú un padà. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí ẹni tó fi báírò kọ “Ìgbéyàwó Bọ̀dá Múfú” gàdàgbà sórí pléètì. Orí ohùn gan-an ló ń kọ ọ́ sí.

Ti DVD yàtọ̀ díẹ̀. Ike méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 0.6 ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, àárín wọn ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ojú méjèèjì ló láàbò. Títẹ̀ ni ọ̀tá tirẹ̀, nítorí títẹ̀ lè jẹ́ kí ibi tí wọ́n lẹ̀ ṣí. Pléètì Blu-ray kò fi bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: mìlímítà 0.1 péré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jìn sí ojú tó ń dán. Nígbà tí Sony kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2003, inú ilé ike tó pa dé ni pléètì náà ń gbé, inú ilé yẹn ló sì ń bá wọnú ẹ̀rọ. Ìgbà tí wọ́n rí nǹkan líle kan tí wọ́n lè fi kun ojú rẹ̀ ni wọ́n tó bọ́ ilé náà kúrò.

Ìlà tó bá họ pléètì kì í ṣe bákan náà. Àwọn tó ṣe síídì mọ̀ pé yóò họ, wọ́n sì ti fi ìṣirò Irving Reed àti Gustave Solomon, tí àwọn méjèèjì gbé jáde ní 1960, tú ọ̀rọ̀ ká lójú ọ̀nà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ibi tó tó mìlímítà 2.5 bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà náà, ẹ̀rọ lè fi ìyókù ṣírò ohun tó sọnù. Ìlà tó bá ti àárín lọ sí etí kàn ń dábùú ọ̀nà náà ni, ibi kékeré ló ń mú níbi kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá yí po ló ń bá ọ̀nà náà rìn, tó ń jẹ ọ̀rọ̀ lọ rẹrẹ. Ìdí rèé tí a kì í fi í nu síídì bí ẹni ń nu abọ́: láti ihò lọ sí etí la ti ń nù ún. Òun náà ló sì jẹ́ kí àpò tó gba pléètì láyè láti máa yí nínú rẹ̀ burú ju àpò tó fún un lọ.

Àwọn tó ṣe ilé ike líle àkọ́kọ́ fún síídì mọ èyí. Philips àti Sony ni wọ́n jọ ṣe síídì, ọjà ilẹ̀ Jàpáánì ló sì ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá 1982. Ọmọ iṣẹ́ Philips kan, Peter Doodson, ló ya ilé ike tí gbogbo wa mọ̀: mìlímítà 142 ní gígùn, 125 ní fífẹ̀, 10 ní nínípọn. Eyín tó wà láàárín rẹ̀ ló ń di pléètì mú níbi ihò, níbi tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ojú méjèèjì wà lófuurufú, wọn kò fara kan nǹkan kan. Ẹni tó ṣe èyí ti ka ara síídì dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ike rẹ̀ a máa fọ́ bó bá já bọ́, eyín rẹ̀ a sì máa kán.

Nígbà tí fíìmù Yorùbá kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí VCD, àwọn máketà wa kò gba ike líle náà. Jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe: bébà dídán tí wọ́n tẹ ojú òṣèré sí, pléètì nínú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, náílọ́ọ̀nù míì lóde. VCD kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, nítorí náà fíìmù kan a di pléètì méjì. Mi ò bá wọn wí lórí pé wọ́n sá fún ike líle. Síídì ọgọ́rùn-ún nínú ike yóò gùn tó mítà kan; ọgọ́rùn-ún náà láìsí ike kò ju sẹ̀ntímítà 12 lọ. Ẹni tó ń di ẹrù láti ọjà Alábà lọ sí Òṣogbo àti Ẹdẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú owó ọkọ̀. Ohun tí mo bá wọn wí lé lórí ni pé ojú oníbàárà nìkan ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń ya jákẹ́ẹ̀tì. Náílọ́ọ̀nù gbọ̀jẹ̀gẹ̀, eruku ọyẹ́ wọ ibẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n lójú títì, pléètì ń yí po lórí iyanrìn. Kí fíìmù tó dé ilé, ó ti ń há.

Òfin pàápàá kò wo ara pléètì. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde ní 1999 nípa àmì tó ń dán yanranyanran tí a ó lẹ̀ mọ́ fíìmù àti orin, ó tún gbé òmíràn jáde ní 2006 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ pléètì. Olè ni àwọn méjèèjì dojú kọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ayédèrú ti sọ ọ̀pọ̀ òṣèré di olówó lẹ́nu lásán. Ṣùgbọ́n ojúlówó pẹ̀lú àmì lórí, nínú náílọ́ọ̀nù yẹn kan náà ló ń kú sí.

Bébà náà kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀. Láàárín nǹkan bí 1988 sí 1993, ilé iṣẹ́ PDO tó wà ní Blackburn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àwọn síídì kan tí wọ́n fi fàdákà bò dípò álúmíníọ̀mù. Fáníìṣì wọn kò lágbára tó. Imí ọjọ́ tó wà nínú bébà tí wọ́n fi dì wọ́n gba inú fáníìṣì wọlé, ó sì jẹ fàdákà náà. Àwọn síídì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí lọ sí àárín, wọ́n sì dákẹ́. Àpò tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ wọn ló pa wọ́n.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àpò tó yẹ Ẹdẹ kò le púpọ̀ láti yà. Páálí tó le díẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí ó má tẹ̀, kí inú rẹ̀ má ní íǹkì kankan, torí íǹkì a máa lẹ̀ mọ́ nǹkan bí oòrùn bá mú un. Kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ tí a kò hun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìbomú, tẹ́ inú rẹ̀. Kí fífẹ̀ àpò inú má ju mìlímítà 125 lọ, kí pléètì má ráyè yí. Kí ẹnu àpò inú kọjú sí ìhà tí ẹnu ti òde kò kọjú sí, kí eruku má rí ọ̀nà tààrà gbà. Náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tó ń rùn bíi bọ́ọ̀lù tuntun kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Epo tó mú un rọ̀ a máa jáde wá bá pléètì. Orúkọ ìnáwó, ẹ̀yìn páálí ni kí a kọ ọ́ sí.

Ẹdẹ ní Federal Polytechnic, ó ní Redeemer’s University, ó ní Adeleke University. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga nílẹ̀ wa ló ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi síídì sẹ́yìn ìwé àṣejáde rẹ̀, nínú àpò tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n á wá kó ìwé jọ lé ara wọn lórí. Bí ẹ̀ka kan bá lè gbé irú àpò tí mo ṣàpèjúwe yìí lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n gé e, kí wọ́n dán an wò nínú ọyẹ́ àti nínú ooru oṣù kẹta, àwọn oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó wà nígboro yóò rí i kọ́.

Ẹ̀yin tí pléètì ìnáwó ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró de àpò tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oní-fídíò fi kọ̀ǹpútà kọ, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Aró ló di ọ̀rọ̀ mú nínú wọn, oòrùn àti ooru sì ń pa aró náà. Ẹ gbé wọn kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ tò wọ́n lóòró níbi tó tutù, kí ẹ sì da ohun tó wà nínú wọn kọ sórí fláàṣì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé.