Ọtí Ọkà Ọdún Iṣu ní Atakpamé: Ìṣirò Àwọn Ìyá Apọntí

Bí a bá ń pìtàn oyè láàrin àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Atakpamé, ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ ni à ń dárúkọ. A kì í sábà rántí obìnrin tó pọn ọtí tí wọ́n ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Síbẹ̀, ta ni yóò ro Odon-Itsu láìsí ọtí? Àwọn ará wa ní Nàìjíríà kò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ yẹn: ọdún iṣu ni.

Ọtí àgbàdo ti pẹ́ ní agbègbè wa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni àwọn ará Nàìjíríà ń pe tiwọn. Àwọn Ewe ní aliha, tí í máa dùn. Ní ti ọtí ọkà bàbà, ó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àwọn Kabiyè àti Nawdeba, tí ìjọba Faransé kó wá láti òkè àríwá láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, kí wọ́n lè tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀nà Atakpamé sí Sokodé. Sulum ni Kabiyè ń pè é, ọjà ń pè é ní tchoukoutou. Àwọn kan ń wí pé kì í ṣe ojúlówó ohun mímu Ifẹ̀. Èmi kò rí ìjà níbẹ̀: ọ̀nà kan náà ni a fi ń pọn ti àgbàdo àti ti bàbà.

Wọn a rẹ ọkà sómi mọ́jú, wọn a fi ewé bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi hù, wọn a sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a sè é, wọn a jẹ́ kí ó kan mọ́jú, wọn a sì tún un sè títí ó fi pọ́n dáadáa. Bí ó bá tutù tán, wọn a bu ìwúkàrà tó ṣẹ́kù nínú ọtí àná sí i. Ní ọjọ́ kejì ó ti di mímu. Àmọ́ láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti kan kọjá ààlà.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣirò wà. Apọntí kò lè pọn ti oṣù kan sílẹ̀. Bí obìnrin mẹ́ta bá gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ kan náà ní àdúgbò kan, gbogbo wọn ni yóò pàdánù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ láàrin ara wọn, tí èsúsú sì ń bá iṣẹ́ náà rìn: ẹni tí ó kàn ni yóò kó owó, tí yóò fi ra ọkà àti igi ìdáná. Igi yìí kì í ṣe owó kékeré, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń sè é. Èérí rẹ̀ ni a ń fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí í ṣe èrè kejì.

Ojú irin Jámánì dé Agbonou ní 1911, ọtí inú ìgò sì rí ọ̀nà gbà. Ní 1964 ni wọ́n dá Brasserie du Bénin sílẹ̀ ní Lomé. Ṣùgbọ́n ọkà báàlì kò hù ní Togo. Òkè òkun ni a ti ń kó o wá. Nígbà tí wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì ní oṣù Kìíní 1994, ohunkóhun tó bá ti òkun dé wọ́n sí i, nígbà tí bàbà inú oko wa kò ní ohun tí yóò san fún òkun.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo kàlẹ́ńdà. Oṣù Kẹjọ ni Odon-Itsu ń bọ́ sí. Ìparí ọdún ni a ń kórè bàbà. Nígbà tí a bá fi dé oṣù Keje, tí a sábà máa ń dáwó jọ, ọkà ti ṣọ̀wọ́n, ó ti gbówó lórí, a ó sì wá sáré ra ìgò. Ọkà tó ti hù, tí a sì sá gbẹ, lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ọ̀rinrin àti kòkòrò kò bá dé ibẹ̀. Bí a bá fi owó ọkà lé àwọn ìyá lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní, wọn yóò rà á nígbà tó pọ̀, wọn yóò hù ú, wọn yóò sá a, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò sì gbé ìkòkò kaná ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún.