Àpótí Gíláàsì Ẹja Tó Ní Ewéko: Bí A Ṣe Lè Kápá Álíjì àti Irú Ẹja Tó Yẹ Ibẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ́fíìsì àti ilé-ìtura ní ìpínlẹ̀ yìí ni a ti ń rí àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja fún ẹwà, àwọn mìíràn sì ti ń gbin ewéko gidi sínú rẹ̀ dípò èyí tí a fi rọ́bà ṣe. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, omi tó mọ́ gaara a máa di aláwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú, ara gíláàsì a sì máa yọ̀. Álíjì ló fà á, ìyẹn ohun abẹ̀mí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewéko ti ń ṣe, ṣùgbọ́n tí kò ní gbòǹgbò gidi tàbí òdòdó. Irú rẹ̀ náà ló máa ń hù sínú táǹkì omi tí oòrùn bá ń rí ààyè wọ̀.

Ní ọ́fíìsì kan tí a mọ̀, ẹni tó ń tọ́jú àpótí wọn rí i pé omi ti yí àwọ̀ padà. Ó da gbogbo omi náà nù, ó fi ọṣẹ àti bílíìṣì fọ gíláàsì, òkúta àti fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó rọ omi ẹ̀rọ tuntun sí i, ó sì kó ẹja padà síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹja náà ti kú, wọ́n léfòó. Wọ́n ra òmíràn, kò sì pẹ́ tí omi tún di aláwọ̀ ewé.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù a máa di amóníà, májèlé sì ni amóníà fún ẹja. Bakitéríà tí ojú kò lè rí, tó ń gbé ara òkúta àti fóòmù, ló ń sọ májèlé yìí di ohun tí ewéko lè jẹ láìpa ẹja lára. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà yìí tó pọ̀ tó. Bílíìṣì pa gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Èkejì ni pé ohun tó bí álíjì kò kúrò níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù àti oúnjẹ àpọ̀jù.

Nítorí náà, ibi tí ẹ máa gbé àpótí sí ṣe pàtàkì ju oògùn èyíkéyìí lọ. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Iná orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 sí 8 lọ lóòjọ́. Iná tí ẹ bá fi sílẹ̀ di òru nítorí àlejò, álíjì ni ẹ ń bọ́. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ti tó, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa yọ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní kúlórínì, ẹ gbé e kalẹ̀ nínú korobá tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó lò ó. Inú omi tí ẹ yọ ni kí ẹ ti fún fóòmù náà mọ́, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ewéko fúnra rẹ̀ ni alábàádíje álíjì. Bí ó bá pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tó sì ń dàgbà kíákíá, òun ni yóò jẹ oúnjẹ tí ìbá ti bọ́ álíjì. Ojúoró tí gbogbo wa mọ̀ lójú odò wúlò púpọ̀, nítorí pé ó ń ṣíji bo omi, ó sì ń fa ìdọ̀tí mu. Ẹ máa dín in kù déédéé kí ó má bàa bo gbogbo ojú omi. Anubias, ewéko Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tí ewé rẹ̀ le, kì í dàgbà kíákíá, nítorí náà abẹ́ òjìji ni kí ẹ fi í sí. Ẹ so ó mọ́ igi tàbí òkúta, ẹ má bo ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo álíjì ni a ń tọ́jú bákan náà. Èyí tó dà bí eruku pupa rẹ́súrẹ́sú nínú àpótí tuntun a máa lọ fúnra rẹ̀. Bí omi bá di aláwọ̀ ewé, ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo àpótí náà fún ọjọ́ 3 sí 4, kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà. Èyí tó dúdú bí irùngbọ̀n létí ewé ló lágídí jù. Ẹ gé ewé bẹ́ẹ̀ dànù. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tó ní bàbà nínú, nítorí pé ó ń pa edé àti ìṣáwùrú.

Ní ti ẹja, àwọn tó ń tà á a máa sọ pé, "Èyí máa ń jẹ ìdọ̀tí." Ẹja pleco tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó kéré bí ìka nígbà tí ẹ rà á, lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan sì tó bọ́ álíjì. Ìṣáwùrú díẹ̀ àti edé omi aláìníyọ̀ ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa jù ú lọ. Goldfish a máa jẹ ewéko, a sì máa hú u. Ẹja èpìyà àti àrọ̀, adágún ni ibùgbé wọn.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni kribensis, ẹja kékeré tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, àwọn ará Yúróòpù sì ń sìn ín nílé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n. Ooru omi wa bá a lára mu, kì í sì í jẹ ewéko. Akọ kan àti abo kan, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ 6 sí 8, ti tó fún àpótí tó gba lítà 60. Ẹ fi àpáàdì ìkòkò kan síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi yé ẹyin sí.

Ìdí mìíràn wà tí ẹja kò fi gbọdọ̀ pọ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ lóru, ẹ̀rọ atẹ́gùn yóò dúró. Ewéko náà yóò máa fa atẹ́gùn inú omi, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í sì í gba atẹ́gùn púpọ̀ sára. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè láti mí, ẹ fi ife bu omi inú àpótí náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè lemọ́lemọ́. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná yóò fi dé.

Ẹ má ṣe da ẹja tàbí ewéko tí ẹ kò fẹ́ mọ́ sínú gọ́tà, odò tàbí ọ̀sà. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Èkó, tó sì ń dá àwọn apẹja lóró, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá; nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o kiri àgbáyé, ó sì ti dé àwọn odò agbègbè Àgbádárìgì ní 1984. Ẹ sá ewéko tí ẹ gé sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó kó o sínú ìdọ̀tí ilé, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn tó ní àpótí ní ẹja tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́.