Kí A Tó Dí Odò: Ìtàn Ilé-Ìwádìí Omi ti Ìjọba

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wa, kò sí ẹni tí ń gbé ní Ìmẹ̀rí, tàbí ní ìlú yòówù láàrin Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìwà omi fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ń du omi tí a ó fi se oúnjẹ àti èyí tí a ó fi ṣe àlùwàlá. Bí òjò bá dé, omi yìí kan náà ni yóò gba ojú títì. Nígbà tí ó bá ṣe ọṣẹ́, a máa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí í ṣẹlẹ̀ láìsí àṣẹ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tí ó dá omi náà ni ó fún ọmọ ènìyàn ní ọgbọ́n tí a fi ń wọn omi. Ìtàn ilé tí àwọn ìjọba ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn Mùsùlùmí. Ní ọdún 861 ni wọ́n kọ́ òpó ìwọ̀n kan sí erékùsù Rawda lójú odò Náílì ní Íjíbítì, kí ìjọba lè mọ bí omi ọdún kọ̀ọ̀kan ti ga tó. Àwọn òpìtàn sọ pé lẹ́yìn náà, Ibn al-Haytham, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Basra, sọ pé bí òun bá wà ní Íjíbítì, òun yóò ká odò náà lọ́wọ́ kò. Kálífà al-Hakim, tí ó jọba láti 996 sí 1021, ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí ó dé apá Aswan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí odò, ó mọ̀ pé ohun tí òun sọ kò ṣeé ṣe, ó sì jẹ́wọ́. Wọ́n ní ó díbọ́n bí asínwín kí ìbínú ọba má baà pa á. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ìwọ̀n tó dé.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí ọ̀nà tí a fi lè dán odò wò láìtíì fọwọ́ kàn án. Ní 1885, Osborne Reynolds ṣe ẹnu odò Mersey ní kékeré ní Manchester, ó da iyanrìn sí i, ó sì ń mú kí omi rẹ̀ máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀ bí ti òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwádìí ṣe ń ṣe é. Odò tí ó fẹ̀ ní 100 mítà, wọ́n lè ṣe tirẹ̀ ní mítà kan. Àkókò pàápàá a máa dínkù: ohun tí odò gidi ń fi wákàtí kan ṣe, odò kékeré yìí yóò fi ìṣẹ́jú 6 ṣe é. Wọn yóò gbé afárá kékeré sí i, wọn yóò tú omi sí i bí ti ọdún òjò líle, wọn yóò sì máa wò ó. Bí afárá náà bá wó, kò sí ìyá tí yóò sunkún.

Ní 1916, a dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Poona ní Íńdíà, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Họ́láǹdì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Delft ní 1927. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní Vicksburg ní 1929, lẹ́yìn tí odò Mississippi ti ya bo ìlú ní 1927. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nílé ní 1947. Claude Inglis, tí ó ti ṣe olórí ti Poona, ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ní 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìfi ìdí gbá iyanrìn. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun wa máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri náà sì dá a dúró. Iyanrìn wá ń gá jọ sí apá kan. Apá kejì, tí a mọ̀ sí Bar Beach, kò rí iyanrìn gbà mọ́. Kí 1960 tó dé, òkun ti jẹ ilẹ̀ tí ó lé ní kìlómítà kan níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba ń da iyanrìn sí i, òkun ń kó o lọ.

Àwọn ará Họ́láǹdì tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ NEDECO ni ó wọn odò Ọya àti Bẹ́núé. Ìwé wọn jáde ní 1959. Lẹ́yìn ọ̀dá líle tí ó mú òkè Ọya ní 1972 sí 1974, ìjọba àpapọ̀ tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ní 1976 ni a dá àjọ Benin-Owena, tí ó ń bójú tó àwọn odò agbègbè wa, sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1979 ni Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìwádìí Omi ti orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Òfin tí ó gbé e ró jáde ní 1985. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi, kí ó sì ṣe ìwádìí lórí ìkún omi, ìtọ́jú odò, omi oko àti omi mímu. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 63 ni ó fi kẹ́yìn ti Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ni ó ń ṣàkóso àwa méjèèjì ní 1916.

Síbẹ̀, kí ilé wà nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Odò ńlá kọ́ ni Ògùnpa. Ilé tí a kọ́ dí i àti ìdọ̀tí tí a dà sí i ni kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ògiri Eko Atlantic sí Bar Beach, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní kékeré. Ọgbọ́n 1908 kọ́ nìyẹn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, ni wọ́n ti dán an wò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ń dúró dè yín níbẹ̀. Ẹ má ṣe sá fún ìṣirò. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní iṣẹ́ ẹnjiníà omi ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe bi í bóyá iṣẹ́ pọnmipọnmi ni. Kí àwa tí a ń kọ́lé náà wo ojú àgbàrá kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn lè bojú wẹ̀yìn kí ó sì kọ́gbọ́n. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí yóò ṣe ìlú láǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.