Àlọ́ Ìjàpá àti Àfiwé Kókó-Ọ̀rọ̀ Nínú Kíláàsì: Àyẹ̀wò Onítàn

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó mọ ìbéèrè kan tí olùkọ́ máa ń bi wọ́n bí ìtàn bá ti parí: ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn. Olè jíjà kò dára. Irọ́ pípa kò dára. Ojúkòkòrò kò dára. Kíláàsì yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ yóò ní wọ́n gbà á, wọn yóò sì ṣí ojú ewé mìíràn. Àpilẹ̀kọ yìí wá orírun ìbéèrè náà, ó wo ohun tí ìbéèrè náà bò mọ́lẹ̀, ó sì yẹ ohun tí ó máa ń yọjú wò nígbà tí a bá kó àlọ́ mẹ́rin jọ tí a fi wọ́n wé ara wọn. Àlọ́ Ìjàpá ni a mú lò, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn apàlọ́, tí ó sì wọ inú ìwé kíkà jù.

Èrò tí a gbé kalẹ̀ kò le. Àfiwé kì í ṣe ohun àjèjì tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ kó wọ inú kíláàsì Yorùbá. Ó ti wà nínú ètò àlọ́ pípa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ni ó yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn ìdí tí ó ṣeé tọpasẹ̀ nínú ìtàn.

2. Àlọ́ kí ó tó dé inú kíláàsì

Oríṣi àlọ́ méjì ni Yorùbá ní: àlọ́ àpamọ̀, tí ó jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn, àti àlọ́ àpagbè, tí ó jẹ́ ìtàn tí orin sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ó kan iṣẹ́ yìí. Alẹ́ ni àkókò rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí iṣẹ́ oko àti ti ọjà bá ti parí. Àwọn àgbà a tilẹ̀ máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má pàlọ́ ní ọ̀sán.

Ohun mẹ́ta nínú ètò yìí ni ó yẹ kí a fiyè sí. Èkíní ni pé apàlọ́ kì í fi ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ní àlọ́ òun dá lórí Ìjàpá, orúkọ ẹni tí ìtàn kàn ni ó dá, kì í ṣe ìwà tí ó fẹ́ bá wí. Èkejì ni pé àwọn olùgbọ́ ní ipa tiwọn. Àwọn ni wọ́n ń gbe orin, wọ́n sì lè dá apàlọ́ dúró pé bí àwọn ṣe gbọ́ ọ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé àlọ́ kan kì í dá dúró lálẹ́. Bí ẹnì kan bá parí tirẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lóòótọ́ ni apàlọ́ a máa fi ẹ̀kọ́ kádìí ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àlọ́ tí ó tẹ̀lé e lè ta ko ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó lọ sùn. Ọmọ tí ó gbọ́ pé Ìjàpá jìyà nítorí àrékérekè, tí ó sì tún gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà pé ìlú kan yìn ín nítorí àrékérekè, ti bẹ̀rẹ̀ àfiwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

3. Ilé-ìwé àti ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo

Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí Henry Townsend ti CMS náà sì dé síbẹ̀ kí ọdún tó parí. Ní 1843 ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde, nígbà tí ó sì di 1859 Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ìwé kíkà ní ojú àwọn míṣọ́nnárì jẹ́ ọ̀nà sí Bíbélì. Òwe inú Ìhìnrere ní ìtumọ̀ tí oníwàásù ń là yé ìjọ, kò sì yani lẹ́nu bí a bá fi irú ojú kan náà wo ìtàn kúkúrú mìíràn tí ó bá wọ inú ìwé.

Owó ìjọba fún àṣà yìí ní agbára. Òfin ẹ̀kọ́ 1882, tí ó kan Èkó nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ àkóso Gold Coast, so ìrànlọ́wọ́ owó mọ́ kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìṣirò. Kíkà Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ilé-ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe yege tó ni owó ṣe ń wọlé tó, nítorí náà ohun tí alábẹ̀wò lè béèrè ní kíá, tí ọmọ sì lè dáhùn ní kíá, ni ó gba ipò iwájú. Yorùbá di àkàbà tí a fi ń gun orí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì àkọ́kọ́, tí a sì ń yọ kúrò bí ọmọ bá ti gòkè.

Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ti 1922 àti ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1925 yí ojú ọ̀rọ̀ padà díẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì gbà pé ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè abínibí rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìwé kíkà tí ó gbayì jáde, tí Aláwìíyé ti Olóyè J. F. Ọdúnjọ sì ta wọ́n yọ. Yorùbá inú ìwé bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ìran ní ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ìgbékalẹ̀ irú àwọn ìwé wọ̀nyí mú kí ìtàn kọ̀ọ̀kan dá wà. Ọmọ yóò ka àlọ́ kan lónìí, yóò ka ewì lọ́la, yóò sì ka nǹkan mìíràn lọ́túnla. Àlọ́ tí ó lè bá ti àná jiyàn kò sí nítòsí.

Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò tó 500,000 ní 1954, ju 800,000 lọ lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí a kó jọ kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà tàbí ti módà, nílò ìdáhùn kan tí kò ní mú àríyànjiyàn wá. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún un ní ohun tí ó nílò. Kò yẹ kí a dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Àǹfààní tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lò.

4. Àwọn ọdún 1970

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ní àwọn ọdún 1970 ṣí ọ̀nà fún àfiwé lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkọ́kọ́ ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìdánwò ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yípadà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí èyí fi hàn fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹfà lè fi Yorùbá ro àròjinlẹ̀, kì í ṣe kí ó kàn fi ka ìwé.

Èkejì ni Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní 1973. Ìwé yìí kó àlọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí Ìjàpá sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ń ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìrí i pé Ìjàpá tí ó jìyà ní ojú ewé kan ni ó fò fáyọ̀ ní ojú ewé mìíràn. Ohun tí agbo àlọ́ ń ṣe lálẹ́ ti tún ṣeé ṣe nínú ìwé.

5. Ohun tí àfiwé fi hàn

A lè mú àlọ́ mẹ́rin tí ó gbajúmọ̀, kí a sì kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ojú pátákó: kí ni Ìjàpá ń fẹ́? Ta ni ó ṣe é sí? Kí ni ó kó bá a tàbí kí ni ó gbà á?

Nínú àlọ́ kìíní, babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo, aya Ìjàpá tí ó ń wá ọmọ, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá kí ó má tọ́ ọ wò. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán lọ́nà, ikùn rẹ̀ sì wú. Nínú ìkejì, ó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, ó gbé e kọ́ àyà, ó fẹ́ gun igi lọ fi pamọ́, kò rí igi gùn. Ẹni tí ń kọjá lọ ni ó sọ fún un pé kí ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Nínú ìkẹta, òun àti Ajá lọ jí iṣu wà lóko olóko. Ajá mú ìwọ̀n tí ó lè gbé sáré. Ìjàpá di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, wọ́n sì mú un. Ó dárúkọ Ajá, ṣùgbọ́n Ajá ti fi ẹyin sẹ́nu, ó ń ṣe bí aláìsàn tí ń bì, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Nínú ìkẹrin, ìlú nílò erin. Ìjàpá lọ sọ fún Erin pé wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó sì mú un wá sórí ìtẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí kòtò. Erin já sí kòtò, ìlú sì yin Ìjàpá.

Bí a bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ wọn rọrùn. Bí a bá kó wọn pọ̀, ẹ̀kọ́ tí kíláàsì há sórí kò dúró mọ́. Bí olè jíjà bá ni kókó-ọ̀rọ̀ àlọ́ kẹta, kí ló dé tí Ajá, tí òun náà jalè, fi lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Bí irọ́ bá ni ó ń kó ìyà bá Ìjàpá, kí ló dé tí irọ́ tí ó burú jù, èyí tí ó pa Erin, fi gba ìyìn? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò lè jáde láti inú ìtàn kan ṣoṣo.

Ohun tí ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni àìmọ̀wọ̀n. Ẹni tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró ni ìyà ń jẹ. Ìjàpá kò lè tọ́ àsèjẹ wò kí ó fi í sílẹ̀; kò lè ní ọgbọ́n díẹ̀ kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún aráyé; kò lè gbé ìwọ̀n iṣu tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sá pẹ̀lú. Nínú àlọ́ kẹrin, Erin ni àìmọ̀wọ̀n bọ́ sí lára. Ó gbàgbọ́ pé adé tọ́ sí òun láìbéèrè ìdí tí ìlú ènìyàn yóò fi fi ẹranko igbó jọba. Àìmọ̀wọ̀n ni àlọ́ ń bá wí, ẹnì yòówù kí ó hù ú.

Ìyàtọ̀ náà ní ohun tí ó sọ. Nínú àlọ́ mẹ́ta, nítorí ara rẹ̀ ni Ìjàpá ṣe hùwà. Nínú ìkẹrin, ìlú ni ó ṣe é fún. Ṣé àrékérekè di ohun rere nítorí pé ìlú ni ó rán ni? Àlọ́ kò dáhùn. Ó fi í sílẹ̀ fún agbo láti bá ara wọn fà á. Ìbéèrè nípa agbára àti òtítọ́ ni, ó sì yẹ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ fún àgbà.

6. Àtakò kan àti àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé ọmọdé nílò ìlànà ìwà tí ó dúró ṣinṣin, àti pé bí a bá fi hàn án pé Ajá jalè lọ lọ́fẹ̀ẹ́, a ti kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ajá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà nínú àlọ́ tí ó gbọ́. Bí olùkọ́ bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí ọmọ yóò kọ́ ni pé ìdáhùn ilé-ìwé àti ohun tí ojú rí jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àlọ́ akèrègbè náà fi hàn pé kò sí ẹni tí ó lè dá ọgbọ́n kó jọ, ìbáà ṣe olùkọ́.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fún èdè abínibí ní àyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan, tí Gẹ̀ẹ́sì yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àyè náà gba ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní 2025 ó kéde pé òun ti fagi lé e. Ọjọ́ orí tí ọmọ tó láti ṣe àfiwé gan-an ni ọjọ́ orí tí ìlànà sábà máa ń gba Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àlọ́ lè ṣì wà nínú ìwé, kí agbo tí ń fi ọ̀kan dá èkejì lóhùn má sì sí mọ́. Kò ná olùkọ́ Yorùbá ní kọ́bọ̀ láti dá a padà. Àlọ́ méjì tí wọ́n ta ko ara wọn, pátákó kan àti sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn tí kò bá ara mu ti tó.