Láti Ọwọ́ Ológò Dé Orí Fóònù: Gbèsè àti Ìtìjú Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Bí àwọn onímọ̀ bá ń ṣèwádìí lórí ohun tí ẹ̀rọ ayélujára ti sọ òwò dà, ìyára ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Òótọ́ ni pé owó ń tètè dé ọwọ́ ẹni báyìí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí Ayépé àti àwọn ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú wà, ìtàn gbèsè gbé ìbéèrè mìíràn dìde: ta ló láṣẹ láti dójú ti onígbèsè, ibo sì ni àṣẹ náà dópin? Àṣà àtijọ́ ní ìdáhùn sí i. Àwọn tó ń fi fóònù yáni lówó kò bìkítà fún ìdáhùn náà.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe èsúsú, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń dá iye kan náà, tí wọ́n sì ń kó o fúnra wọn ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé èsúsú yìí kan náà ní 1952. Johnson tún sọ̀rọ̀ nípa ológò, ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè. Yóò pariwo, yóò bèèrè oúnjẹ, yóò pa adìyẹ ilé jẹ, títí ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ìtìjú ni ohun èlò rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú ló ń yọ̀ǹda rẹ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́, Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, ló ń dájọ́ ìlú. Ilé kan ṣoṣo ni ológò ń wọ̀, ojúkojú ni, àwọn ẹbí sì láǹfààní láti bẹ̀bẹ̀.

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni áàpù ayánilówó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ayáwó. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ológò nìyẹn, ṣùgbọ́n ìlú kò rán an, kò sì sí ẹni tí a lè bẹ̀. Nítorí irú ìdójútì yìí ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ṣe gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn áàpù náà ní 2022, tí Google náà sì fòfin de kí wọ́n máa kó nọ́ńbà àwọn ènìyàn ní 2023.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé àtijọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ìwọ̀fà, ẹni tí a fi dúró fún owó tí a yá, ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, tí owó náà kò sì dín. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé ká padà síbẹ̀. Òfin ló ṣe bẹbẹ kí ìwọ̀fà tó kúrò nílẹ̀, òfin náà ló sì yẹ kó lágbára báyìí. Ẹlòmíràn yóò ní láìsí áàpù, oníṣòwò kékeré tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé kò ní rówó yá. Èsúsú náà kò bèèrè ilẹ̀. Onígbọ̀wọ́ ayé àtijọ́ sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti dúró fúnni. A lè yára yáni lówó láìsọ ẹni tí kò mọ̀ sí i di onígbọ̀wọ́.

Nítorí náà, kí àwọn olùwádìí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgó-Ìwòyè má ṣe ka iye fóònù nìkan. Kí wọ́n bi àwọn oníṣòwò Ayépé léèrè ohun tí gbèsè orí fóònù ti ná wọn. Ìwọ òǹkàwé, bí áàpù bá bèèrè nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ kó tó yá ọ lówó, má gbà fún un.