Omi Kún Ìsédò, Oko Gbẹ: Ìtàn Àwọn Ríbà Básìn Nàìjíríà

Ọ̀dá tó mú apá òkè Nàìjíríà láàárín 1972 sí 1974 ló bí àwọn àjọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ríbà Básìn. Ọkà bàbà gbẹ lórí ìdúró, màlúù ń kú lọ́nà odò, ó sì wá yé ìjọba pé oúnjẹ tó gbójú lé òjò nìkan kò lè tó ìlú jẹ. Ní 1973, ìjọba Gowon fòfin dá méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún odò Sokoto àti Rima, èkejì fún agbègbè adágún Chad. Nígbà tó fi máa di 1976 wọ́n ti pé 11, ti Ọ̀gùn àti Ọ̀ṣun tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó sì wà lára wọn. Tennessee Valley Authority tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1933 ni àwòkọ́ṣe wọn: kí àjọ kan ṣoṣo mójú tó odò láti orísun dé ẹnu rẹ̀, kó sé e, kó fi bomi rin oko, kó fi tan iná, kó sì dáàbò bo àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ lọ́wọ́ omíyalé. Èrò tó dáa ni. Àbùkù tó wọ̀ ọ́ láti ìpilẹ̀ ni pé bí omi tí wọ́n sé ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́, wọn kò wo èyí tó dé ìdí ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyà tí a ṣì ń jẹ títí dòní ti wá.

Ìsédò Ọ̀yán, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, fi èyí hàn kedere. Wọ́n ṣí i ní 1983, ó sì lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà kíúbíìkì. Wọ́n ṣèlérí omi mímu fún Abẹ́òkúta àti Èkó, omi fún hẹ́kítà 3,000 oko ní ìsàlẹ̀ odò Ọ̀gùn, àti iná mẹ́gáwáàtì 9 láti ara ẹ̀rọ mẹ́ta. Omi mímu dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán ló ń mú kí odò Ọ̀gùn ṣì ní ohun tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn yóò fà fún Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún láìṣiṣẹ́, oko tí wọ́n ṣèlérí kò sì pé rí. Àwọn ará abúlé tí omi lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn tún tẹ̀dó sí etí adágún tuntun náà, níbi tí ìgbín kékeré kan tó fẹ́ràn omi tí kì í ṣàn ti ń bí sí i. Ìgbín yìí ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ọmọ tó bá wọ omi lọ wẹ̀, tàbí tó dúró nínú rẹ̀ fọ aṣọ, lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ṣèwádìí níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà bá àrùn yìí láàárín àwọn ọmọ náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Odò tó ń ṣàn kò fún ìgbín náà láyè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní owó ló fa gbogbo rẹ̀, pé ká ní owó wà, ohun gbogbo ì bá pé. Ìsédò Bakolori kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó epo ń ṣàn bí omi òjò ni wọ́n kọ́ ìsédò náà sórí odò Sokoto. Owó kò wọ́n rárá. Àgbẹ̀ ni wọn kò bi léèrè. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n wú igi eléso, owó gbà-máà-bínú kò dé ọwọ́ àwọn olóko. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dí ọ̀nà ní April 1980, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, iye òkú tí ìjọba sì kà kéré gan-an sí iye tí àwọn ará àdúgbò kà. Ní ìsàlẹ̀ odò náà, àwọn tó ti ń fi omi tó kún bo àkùrọ̀ lọ́dọọdún gbin ìrẹsì láti ìgbà ìwáṣẹ̀ rí i pé omi náà kò dé mọ́ bó ti yẹ. Ní Borno, ètò ìbomirin Gúúsù Chad, tí wọ́n fẹ́ kó dé hẹ́kítà 67,000, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí adágún fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́, ẹ̀rọ ńláńlá kò rí ohun tí yóò fà.

Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ gbèjà àwọn àjọ yìí yóò na ọwọ́ sí Kano, òdodo ló sì máa sọ. Ìsédò Tiga, tó ti wà láti 1974, ń bomi rin oko Kura àti Kadawa, lára tòmátì tí à ń rà ní ọjà Mile 12 ní Èkó sì ti ibẹ̀ wá. Ohun tí mo ń bi í ni pé, omi ta ni wọ́n gbà? Tiga dín omi tó ń lọ sí àkùrọ̀ Hadejia àti Nguru kù, níbi tí apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ ti jọ ń jẹun. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Edward Barbier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò èyí ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n omi kan náà mú èrè wá ní àkùrọ̀ ju ti oko ìjọba lọ. Kì í ṣe pé kí á wó ìsédò. Kí wọ́n tú omi sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀ odò lásìkò tó yẹ ni, nítorí oúnjẹ ni omi yẹn.

Òfin tó dá àwọn àjọ náà sílẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 1984 wọ́n sọ àjọ 11 di 18. Ní 1986 wọ́n tún dá wọn padà sí 11, wọ́n sì gba iṣẹ́ àgbẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, omi nìkan ló kù. Lónìí wọ́n jẹ́ 12. Àjọ tí wọ́n ń tú tí wọ́n tún ń dì kò lè mọ odò rẹ̀ dunjú, ìtọ́jú ìsédò ló sì máa ń kọ́kọ́ forí fá a. Ìsédò Alau, lẹ́bàá Maiduguri, ti ya ní 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù September 2024, ó tún ya, omi bo apá ńlá nínú ìlú tí ogun Boko Haram ti sọ ọ̀pọ̀ ará rẹ̀ di aláìnílé tẹ́lẹ̀. Ní Èkó pẹ̀lú, ní 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú kúrò nílé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú tó lè fara da àjálù, ìkìlọ̀ tó dé etí olórí àdúgbò kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn ìsédò ṣe pàtàkì bíi sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ wo ẹni tó ń dáko ẹ̀fọ́ létí odò Ọ̀gùn lóṣù January. Ẹ̀rọ kékeré tó ń mu bẹntiróòlù ló gbé wá láti ilé, ó tẹ́ rọ́bà rẹ̀ sáàárín ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í láti poro kan sí òmíràn kí omi má bàa ya ebè. Owó ara rẹ̀ ló fi ra bẹntiróòlù. Nígbà tí bẹntiróòlù bá gbówó lórí, yóò fi poro méjì mẹ́ta sílẹ̀ láìbomi rin. Omi tó ń fà yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gba ẹnu ìsédò ìjọba kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń bọ́ ọjà Abẹ́òkúta àti Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí orúkọ rẹ̀ nínú ètò hẹ́kítà 3,000 náà.